Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ jọ ra ilé: kí ni mi ò rí?

Ìrètí_Ilé:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ ra ilé kan tí a ó máa gba owó ilé lórí rẹ̀. Báńkì ti gbà láti yá wa lówó, ọdún 25 la ó fi san án. Àwa méjèèjì la ó fọwọ́ sí ìwé, ìdajì-ìdajì la ó sì máa san. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sídìí tí a ó fi wá lọ́yà, pé owó ilé á máa san gbèsè, èyí tó bá ṣẹ́kù ni èrè wa. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Oníṣirò:
Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín tún ìṣirò yẹn ṣe. Ká ní 100,000 lẹ yá, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. 644.30 lẹ ó máa san lóṣooṣù. Nínú ti oṣù àkọ́kọ́, 500 ni èlé, 144.30 péré ló dín gbèsè kù. Tí owó ilé bá jẹ́ 700, 55.70 ló kù sí yín lọ́wọ́, kí páìpù kankan tó bẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, nínú owó tí ẹ ń san fún báńkì, èlé nìkan ni agbowó-orí máa jẹ́ kí ẹ yọ kúrò nínú owó ilé kó tó bu owó-orí. Lójú tiẹ̀, 200 lẹ jèrè lóṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ báńkì ti gba 144.30 lọ nínú rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, èlé á máa dín kù, owó-orí á máa ga. Ìnáwó àtúnṣe lè bu èyí kù, torí náà ẹ má sọ rìsíìtì kankan nù.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà:
Àbúrò, gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ ń sọ fún ọ.

Ọdún 11 sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ra ilé. Ìdajì-ìdajì làwa náà pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìyẹn. Ohun tó wà nínú ìwé báńkì, ní ojú ìwé keje, ni pé kálukú wa ló jẹ gbogbo gbèsè náà. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, èmi ni wọ́n ń pè. Oṣù 9 ni mo fi dá a san. Inú ò bí mi sí i, ó padà ríṣẹ́.

Ní ọdún kẹrin, ọlọ́jọ́ dé bá a. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé gbólóhùn kan nínú ìwé ilé ló ń sọ ẹni tí yóò ni ìpín òkú. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣẹ́kù láyé ló ni gbogbo rẹ̀. Ti àwa, ìpín olóògbé di ti àwọn ajogún rẹ̀. A ò tiẹ̀ béèrè kí a tó fọwọ́ sí i. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7, ọmọdé ò sì lè fọwọ́ sí ìwé títà. Àfi kí ilé-ẹjọ́ yọ̀ǹda. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló gbà wá. Ẹni tó fẹ́ rà á ò dúró. Mo ṣì ń rí ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, tó ń wò mí lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ilé bàbá rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. À bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó kù lè ra ìpín náà ní iye tí ẹni tó ń díye lé ilé bá sọ, kí owó sì dé ọwọ́ ìdílé kíákíá. Ẹ wá lọ́yà, kí ẹ kọ ọ́.

Ìwé_Kò_Purọ́:
Kí lọ́yà náà wo ìwé ilé níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá ti fi ilé yẹn dúró fún gbèsè, ilé ni gbèsè máa ń tẹ̀lé.

Ìrètí_Ilé:
Ẹ ṣé gan-an. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi, ó dákẹ́ nígbà tó kà dé ibi ọmọ ọdún 7. Ọ̀túnla la ń lọ rí lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà ta ilé náà?

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà:
A tà á. Ìpín ọmọ náà wà ní báńkì lórúkọ rẹ̀, títí tí yóò fi dàgbà tó láti fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á.