Ìhàlẹ̀ ni, kì í ṣe ìrúfin: lórí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì àti Linux

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nǹkan kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Òndó dábàá pé kí á máa pe pátẹ́ǹtì, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, ní "ìwé àṣẹ ìhùmọ̀", kí á sì pe ohun tí Microsoft, ilé-iṣẹ́ tó ni Windows, ní àwọn oní-Linux (sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà) ṣe sí òun ní "ìrúfin pátẹ́ǹtì". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ n kò lè fọwọ́ sí i, pàápàá èkejì.

Tí a bá dárúkọ ìwé àṣẹ ní Àkúrẹ́ níbí, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló máa sọ sí ẹlòmíràn lọ́kàn: èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè ṣe nǹkan. Pátẹ́ǹtì kò fún ẹni tó ni ín láṣẹ láti ṣe ohunkóhun. Agbára láti dí ẹlòmíràn lọ́nà ló fún un, títí ọdún 20. "Àṣẹ ìdínà" ni èmi ì bá pè é. Tí kò bá dùn létí yín, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ pátẹ́ǹtì. Ṣebí báńkì la ń pe báńkì.

"Ìrúfin" gan-an ló bí mi nínú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, Microsoft sọ fún ìwé ìròyìn Fortune pé sọ́fítíwià kóòdù gbangba, irú Linux tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀ kó sì tún un ṣe, tẹ pátẹ́ǹtì òun 235 lójú, pé 42 nínú wọn wà nínú kánẹ́ẹ̀lì, ọkàn Linux gan-an. Èwo àti èwo? Wọn ò sọ. Ilé ẹjọ́ wo ló dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi? Kò sí. Ká wá pe ìyẹn ní ìrúfin, àwa fúnra wa la ti dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ẹ̀sùn ni.

Ẹ wò ó bí ẹnì kan bá wá bá yín lóko kòkó ní Ìdànrè, tó ní ẹ ti wọ ilẹ̀ òun níbi 235, ẹ ní kó fi pèrègún ààlà hàn yín, ó ní rárá, owó ni kí ẹ mú wá. Ìhàlẹ̀ ni Yorùbá ń pe ìyẹn. "Ìhàlẹ̀ pátẹ́ǹtì" ni tèmi, kì í ṣe "ogun pátẹ́ǹtì" tí àbúrò wa kan kọ.

Dídákẹ́ yẹn ni ọgbọ́n òwò tó wà níbẹ̀. Bí Microsoft bá dárúkọ pátẹ́ǹtì kan, àwọn tó ń kọ kóòdù á gba ọ̀nà míì, tàbí kí wọ́n wá ẹ̀rí pé ẹlòmíràn ti ṣe é rí, pátẹ́ǹtì á sì di òfo. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, Microsoft pe TomTom, ilé-iṣẹ́ kan ní Nẹ́dálándì tó ń fi Linux ṣe ẹ̀rọ afọ̀nàhàn inú ọkọ̀, lẹ́jọ́. Lára ẹ̀sùn náà ni ọ̀nà tí FAT, ètò tí Microsoft fi ń to fáìlì sórí díìsìkì àti fúláàṣì, ń gbà tọ́jú orúkọ gígùn àti kúkúrú fún fáìlì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gbé fúláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá FUTA á mọ̀ ọ́n: ẹ kọ "Iwe-adehun-ile.doc", ẹ̀rọ àtijọ́ gbé "IWE-AD~1.DOC" jáde, tòun ti àmì kọ́lọkọ̀lọ yẹn. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe dé kóòtù o! Kí oṣù Kẹta tó parí, TomTom ti gbà láti sanwó. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni Andrew Tridgell, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù gbangba, kọ kóòdù tí kò ní jẹ́ kí Linux kọ orúkọ méjèèjì pọ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí ìdí tí àwọn 235 yẹn fi wà lábẹ́ aṣọ?

Ẹni tí ìhàlẹ̀ bà lẹ́rù ń sanwó ṣá. HTC, ilé-iṣẹ́ fóònù, bẹ̀rẹ̀ sí í san fún Microsoft ní 2010, lórí fóònù Android tó dúró lórí Linux, Android tí àwọn kan ń pè ní ọ̀fẹ́ níbí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ mú wá gan-an ni "ìmùlẹ̀", fún irú àdéhùn Open Invention Network. Láti 2005 ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi IBM àti Red Hat ti pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀: ẹni tó bá wọlé kò ní fi pátẹ́ǹtì rẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà nítorí Linux. Microsoft fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹwàá 2018, tòun ti pátẹ́ǹtì tó lé ní 60,000. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "ìmùlẹ̀" ń rùn bí awo. Kí wọ́n mú èyí tó sàn jù wá; "àjọṣe" ò lágbára tó, kò sí ẹni tí àjọṣe ń dè lọ́wọ́.

Ti àwọn tí kò ṣe ọjà kankan, tó jẹ́ pé pátẹ́ǹtì ni wọ́n kó jọ láti máa fi pe ẹjọ́ kiri, bí èyí tó pe GNOME, àjọ kan tó ń ṣe sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ fún Linux, lẹ́jọ́ ní 2019, "ìhàlẹ̀" ò tó o. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún wọn. Ta ló ní?