Owó oògùn ń jó rẹ̀yìn ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù: àpò ta ni oògùn aláìní yẹ kó ti jáde?

Akọ̀wéWọ́ọ̀dù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa ló ń bójú tó owó oògùn ní sẹ́ńtà kan l'Ókè-Ògùn, ìyẹn owó tí a fi ń ra oògùn, tí a ń tà á, tí a sì tún fi ń ra òmíràn. A fẹnu kò pé kí opó, arúgbó tí kò lẹ́nìkan àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún máa gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ, pẹpẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìwé pé, a kò rí olè. Ṣé ká dá ọ̀fẹ́ dúró ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Apoògùn:
Ẹ fi ọ̀rọ̀ olè sílẹ̀, ìṣirò ló jẹ yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ra páálí mẹ́wàá ní ₦1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń tà á ní ₦1,200. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, ₦12,000 wọlé. Ẹ padà débi tí ẹ ti ń rà á, wọ́n ní ó ti di ₦1,500. Mẹ́jọ péré ni owó yín ká. Ẹ wá fún aláìní ní méjì nínú mẹ́wàá yẹn: ₦9,600 ló wọlé, mẹ́fà lẹ rà, ṣéńjì díẹ̀ kù. Páálí mẹ́rin ti lọ, méjì níbẹ̀ ni ọ̀wọ́n ọjà jẹ, kì í ṣe aláìní. Nínú ìwé sì rèé, èrè ₦200 ló ń hàn lórí páálí kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà, nítorí iye àtijọ́ ni ìwé ń wò.

Nítorí náà, iye tí ẹ ó fi rà á padà ni kí ẹ máa fi gbé iye títà kalẹ̀, ẹ má wo iye tí ẹ rà á. Ẹ pe ẹni tó ń kó oògùn fún yín kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè iye òní, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, kí ẹ tó fi èlé yín lé e.

Ohun kejì ni iye tí ẹ ń rà. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà máa ń wo iye tí wọ́n tà lóṣù tó kọjá, wọ́n á ra bẹ́ẹ̀. Bí oògùn bá ti tán fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù náà ńkọ́? Ká ní ẹ lo ogójì ìdì oògùn ibà láàárín ogún ọjọ́ tó fi wà nílẹ̀: ẹ fi 20 pín 40, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30, ó di 60. Ọgọ́ta gan-an lẹ nílò lóṣù. Bí ẹ bá ra ogójì, á tún tán lọ́jọ́ ogún. Bó bá ti ku ìdì tí yóò tó oṣù méjì, ẹ tún rà, ẹ má sì jẹ́ kó ju ti oṣù mẹ́rin lọ. Fún ọgọ́ta lóṣù, 240 ni òpin. Bí 90 bá wà lórí pẹpẹ, 150 lẹ ó rà.

Ẹ tún ṣọ́ oògùn ibà artemether-lumefantrine. Ìdì oníhóró 6, 12, 18 àti 24 ló wà, ìwọ̀n ara aláìsàn ló ń sọ èyí tó kàn án. Bí ti ọmọdé bá tán, òṣìṣẹ́ á gé mẹ́fà nínú ti àgbà. Méjìdínlógún tó ṣẹ́ kù á wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kà sínú káàdì tí ẹ fi ń ka oògùn mọ́. Ẹ kọ káàdì ọ̀tọ̀ fún ìdì kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sìAgbègbè:
Òótọ́ lẹ sọ, Apoògùn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí opó àti ọmọdé wọ̀nyẹn fi ń jẹ nínú owó oògùn rárá? Òfin ìlera ti 2014 ló dá BHCPF, àpò owó fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, sílẹ̀, pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Òfin náà ní kí ìdajì rẹ̀ gba ọ̀nà adójútòfò ìlera kọjá, kí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sì wà fún oògùn, àjẹsára àti ohun èlò. Òfin NHIA (àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀) ti 2022 tún dá àpò kan sílẹ̀ fún aláìní. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà, ni ẹ ó lọ bá láti forúkọ wọn sílẹ̀. L'Ékòó, Ilera Eko ni.

Ibi tí ìforúkọsílẹ̀ ti ń dúró ni NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni, ọ̀fẹ́ sì ni gbígbà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ arúgbó. Ìtẹ̀ka àgbẹ̀ tó ti fi ọkọ́ dàgbà kì í fẹ́ hàn lójú ẹ̀rọ: ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ wọn, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, kí òṣìṣẹ́ gbìyànjú gbogbo ìka. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu. Bí NIN bá kọ "Risikat" tí ẹ kọ "Rísíkátù", ó lè já bọ́. Ti ìkókó, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìbí lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn. NIN òbí ni wọ́n ń so tirẹ̀ mọ́.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sẹ́ńtà yín ni ẹni náà yàn. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà ní sẹ́ńtà mìíràn, ibẹ̀ lowó rẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin lẹ ó sì máa tọ́jú rẹ̀.

Apoògùn:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan lé e. Bí owó adójútòfò bá wọ báńkì sẹ́ńtà, tí wọ́n fi kun ilé tàbí tí wọ́n fi ra epo jẹnẹrétọ̀, pẹpẹ á ṣì ṣófo. Gbogbo oògùn tí ẹni tó ní adójútòfò bá gbà, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sínú owó oògùn bó bá ti wọlé.

ÌyálọjàKékeré:
Àwọn tí kò tíì ní NIN ńkọ́? Ẹ fi ₦50 lé káàdì gbogbo aláìsàn, kí ẹ fi tọ́jú wọn.

Nọ́ọ̀sìAgbègbè:
Ìyá, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń wá káàdì gan-an kò lówó púpọ̀ ju aláìní lọ. Ẹlòmíràn á kàn yà sílé alágbo ni. Àpò ọ̀tọ̀ ni kí ó jẹ́: ẹgbẹ́ ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun. Nǹkan kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tòkè òkun: ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń wá ṣe lọ́dún kì í mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tó ń lo amlodipine, hóró kan lójúmọ́ ni, 30 lóṣù. Ogójì arúgbó, 1,200 hóró lóṣù. Kí wọ́n san owó adójútòfò ọdún kan fún ènìyàn mẹ́wàá, ó sàn ju ọjọ́ kan tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Bí ẹ bá fún ẹnìkan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ ìwé ẹ̀rí ẹlẹ́dà mẹ́ta: ọ̀kan fún yàrá oògùn, ọ̀kan fún akápò, ọ̀kan fún ìgbìmọ̀. Kí akápò san iye rẹ̀ láti inú àpò aláàánú sínú owó oògùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí àpò náà bá gbẹ, ọ̀fẹ́ dúró títí owó yóò fi wọlé; owó oògùn kò gbọdọ̀ yá a. Ẹni méjì ni kó fọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́. Ẹ má lẹ orúkọ àwọn aláìní mọ́ ògiri o. Ojú ń tini.

Akọ̀wéWọ́ọ̀dù:
Ẹ ṣé gan-an. Tí ìpàdé bá jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Apoògùn:
Ẹ ka oògùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹni méjì kà á, kí ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lónìí ṣírò rẹ̀, ẹ yọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ ro owó báńkì àti owó ọwọ́ mọ́ ọn, ẹ yọ gbèsè. Iye tó bá kù ni owó oògùn yín gan-an. Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé, kí ẹ sì tún un kà ní ìparí oṣù. Bí ó bá ń dín kù tí èrè sì ń hàn nínú ìwé, iye títà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ bá sì ń kà, ẹ ṣí fíríìjì. Oxytocin, oògùn tó ń dènà ìsun ẹ̀jẹ̀ fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, yẹ kó wà láàárín ìwọ̀n ooru 2°C sí 8°C. Èyí tó bá ti jókòó sórí pẹpẹ nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má kà á mọ́ oògùn, bí ọjọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kọjá.