Cato àti Caesar: ta ló ń lépa ipò jù?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn béèrè:

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Róòmù. Ọ̀rọ̀ Cato Kékeré (95 sí 46 ṣáájú Kristi) àti Julius Caesar (100 sí 44), olóṣèlú Róòmù méjèèjì, kò yé mi délẹ̀. Sallust, òǹkọ̀wé ìtàn tó gbáyé nígbà tiwọn, tó tiẹ̀ tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ Caesar, fi àwọn méjèèjì wéra. Ó ní fífúnni, ríranni lọ́wọ́ àti dídáríjini ni Caesar fi gbayì. Cato gbayì láìfún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní ó wu Cato kó jẹ́ èèyàn rere ju kí wọ́n kàn máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé Caesar nìkan ló ń lépa ipò nínú wọn ni? Bí Cato bá sì mọ́ tó báyẹn, kí ló dé tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá dí Caesar lọ́nà, ńṣe ni Caesar túbọ̀ ń lágbára sí i? Ẹ bá mi fi ọdún àti iye owó tì í, torí àwíyé lásán ti sú mi.

OnítànÀtijọ́ fèsì:

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwà ti ń hàn. Wọn kì í san owó oṣù fún olóyè ìlú ní Róòmù. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á ná tiẹ̀, á yá, á wá lọ jẹ gómìnà nílẹ̀ òkèèrè kó lè rí i san.

Plutarch, òǹkọ̀wé ìtàn ìgbésí ayé, ní Caesar ti jẹ gbèsè 1,300 tálẹ́ńtì (òṣùwọ̀n owó ńlá àwọn Gíríìkì) kó tó dé ipò kankan. Lọ́dún 65, ó kó àwọn tó ń fi ohun ìjà bára wọn jà jáde ní méjì-méjì, ọ̀nà 320, kí ará ìlú lè wòran. Lọ́dún 63 ó du oyè olórí àwọn àlùfáà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí òun ò bá wọlé, òun ò ní padà wá sílé. Nígbà tó fẹ́ lọ ṣe gómìnà ní Sípéènì lọ́dún 61, àwọn olówó èlé dí i lọ́nà. Crassus, ọlọ́rọ̀ ńlá kan, ló dúró fún un lórí 830 tálẹ́ńtì. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn kò lè padà sẹ́yìn, ó di dandan kó ṣẹ́gun níbì kan.

Cato ńkọ́? Nígbà tó jẹ́ akápò ìjọba, ó lé àwọn akọ̀wé tó ń yí ìwé, ó sì pe àwọn tó gba owó-ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ Sulla (ọ̀gágun tó fi ogun gba Róòmù, tó sì ń pa àwọn ọ̀tá rẹ̀) pé kí wọ́n kó o padà: 12,000 denarius (owó fàdákà Róòmù) lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pa. Lọ́dún 58 wọ́n rán an sí Kípírọ́sì láti lọ ta dúkìá ọba ibẹ̀. Ó kó ohun tó sún mọ́ 7,000 tálẹ́ńtì bọ̀ wálé. Ẹ wo bó ṣe dì í: àpótí kọ̀ọ̀kan gba tálẹ́ńtì méjì àti 500 dírákímà (owó fàdákà kékeré). Ó so okùn gígùn mọ́ ọn, ó sì so èèpo igi ńlá tó ń léfòó mọ́ ìdí okùn náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí àpótí wà bí ọkọ̀ bá rì. Ẹ̀dà ìwé ìṣirò méjì ló ṣe. Ọ̀kan bá ọkọ̀ rì, iná jó èkejì ní Corcyra, erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì. Ó dùn ún gan-an, nítorí ó ti fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lójú tèmi, ìlépa òkìkí nìyẹn náà. Cato fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹlẹ́bàáTiber fèsì:

Òótọ́ lẹ sọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì wà láàárín ìparí ọdún 62 sí 60. Àwọn mẹ́ta mú ẹ̀bẹ̀ wá síwájú Sẹ́nétì (ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú), Cato sì wà lára àwọn tó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà.

Pompey, ọ̀gágun ńlá, ló kọ́kọ́ dé, láti ìlà-oòrùn. Ẹ̀rù ti ń ba gbogbo ìlú pé á ṣe bíi Sulla, àmọ́ bó ṣe gúnlẹ̀ sí Brundisium, èbúté kan ní Ítálì, ló tú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ká. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n fọwọ́ sí gbogbo ètò tó ṣe lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ilẹ̀. Ó tún ránṣẹ́ wá fẹ́ ọmọ méjì nínú ẹbí Cato, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀. Inú àwọn obìnrin ilé dùn. Cato kọ̀, ó ní wọn ò lè gba yàrá obìnrin mú òun. Ìwà náà gún régé, àmọ́ ó ná an ní ohun ńlá: lọ́dún 59, Julia ọmọ Caesar ni Pompey gbé níyàwó.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni ti àwọn agbowó-orí tó gba iṣẹ́ gbígba owó-orí ní Éṣíà, agbègbè kan lábẹ́ Róòmù. Owó tí wọ́n fi gba iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, wọ́n wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù. Crassus wà lẹ́yìn wọn. Cato dúró gbọn-in títí ẹ̀bẹ̀ wọn fi já sí òfo. Cicero, olóṣèlú tó gbajúmọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ, gbà pé ìbéèrè wọn kò nítìjú, síbẹ̀ ó fẹ́ kí wọ́n gbà fún wọn kí Sẹ́nétì má bàa pàdánù wọn. Òun ló kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Cato ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé nílùú Plato (ìlú pípé tí onímọ̀ Plato fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀), kì í ṣe nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Romulus, ẹni tí wọ́n ní ó tẹ Róòmù dó.

Ẹ̀kẹta ni Caesar fúnra rẹ̀, lọ́dún 60. Ọ̀gágun tó bá ń dúró de ìwọ́de ìṣẹ́gun kò gbọdọ̀ wọ ààlà ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò kọ́ńsúlù (oyè tó ga jù, èèyàn méjì ló ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún) sì gbọ́dọ̀ wọ̀lú wá forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Caesar bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun forúkọ sílẹ̀. Ìjókòó Sẹ́nétì gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu sẹ́nétọ̀ tó ti dìde. Cato sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí Caesar ṣe fi ìwọ́de sílẹ̀ nìyẹn, ó wọ̀lú, ó forúkọ sílẹ̀, ó sì wọlé ìbò. Èrò tèmi ni pé Cato kò mọ ọkùnrin yẹn tán. Ó rò pé ariwo ìyìn ló ń wá, agbára ló ń wá.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá padà wá pawọ́ pọ̀. Nígbà tí Caesar di kọ́ńsúlù lọ́dún 59, ètò Pompey kọjá, ilẹ̀ kọjá, wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó àwọn agbowó-orí kúrò, Caesar fúnra rẹ̀ sì gba agbègbè ogun fún ọdún márùn-ún.

Àyẹ̀wòFínnífínní fèsì:

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ Bibulus o. Nínú ìdìbò tó gbé Caesar wọlé yẹn, àwọn sẹ́nétọ̀ dáwó jọ láti ra ìbò fún Bibulus, ọkọ ọmọ Cato, kó lè jẹ́ kọ́ńsúlù kejì. Suetonius, òǹkọ̀wé ìtàn mìíràn, ní Cato pàápàá gbà pé ire ìlú ni rírà ìbò yẹn. Nígbà tí òun náà wá du kọ́ńsúlù fún ọdún 51, ó kọ̀ láti ná owó, ó kọ̀ láti ṣagbe ìbò, ó sì fìdí rẹmi.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìdáríjì Caesar wá ńkọ́? Ṣé ìwà ni àbí ètekéte?

OnítànÀtijọ́ fèsì:

Mo gbà pé méjèèjì ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín Caesar àti àwọn ọ̀tá rẹ̀, ní Corfinium, ìlú kan ní Ítálì, oṣù kejì ọdún 49, ó mú Domitius Ahenobarbus, tó fẹ́ arábìnrin Cato. Ó tú u sílẹ̀, ó sì dá 6,000,000 sesterces (owó Róòmù) tó kó wá síbẹ̀ padà fún un. Domitius tún lọ bá a jà ní Massilia (Marseille òde òní). Caesar mọ̀ pé ìyẹn lè ṣẹlẹ̀, kò sì jáwọ́.

Ibi tí Cato ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí nìyí. Kò sẹ́ni tó lè dárí ji èèyàn, àfi ẹni tó lágbára lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìdáríjì Caesar ti gbà pé Caesar ní ẹ̀tọ́ láti pa òun. Ní Utica, ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà, oṣù kẹrin ọdún 46, ọkọ̀ òkun ni Cato kọ́kọ́ wá fún àwọn tó fẹ́ sá lọ, ó sì gba àwọn yòókù níyànjú kí wọ́n lọ bẹ Caesar. Ó ní òun kò ní bẹ̀bẹ̀ ní tòun, ó gún ara rẹ̀ nídà. Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà, Cato fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Nígbà tí Caesar gbọ́, ohun tó sọ ni pé òun jowú ikú Cato, nítorí Cato jowú òun pé kóun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.