Fáìlì yẹ́lò: ẹ wá sọ tiyín, kí ni wọ́n bi yín léèrè rí ní kíníìkì ọpọlọ?

Ìyá Olóbì, Ṣàgámù:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Fáìlì àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti onítọ̀ ṣúgà, funfun. Tiwa, yẹ́lò. Bí o bá ti gbé yẹ́lò dé ojú wíńdò tí wọ́n ti ń gba oògùn, ẹni tó wà níwájú á sún, ẹni tó wà lẹ́yìn á fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan tó máa ń ra obì agbọ̀n méjì méjì ló tò sẹ́yìn mi. Ó wo fáìlì, ó wo ojú mi: "Há, ìyá, ẹ̀yin náà?" Kò dé ìsọ̀ mi mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìborùn bo fáìlì bí ẹni gbé ẹrù òfin.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà tuntun kan pe àwa mẹ́fà jókòó. Ó ní òun fẹ́ tún kíníìkì ṣe, kí la fẹ́? Ọ̀dà àti kọ̀ǹpútà ló wà lọ́kàn tirẹ̀. A ní kó kọ́kọ́ mú yẹ́lò kúrò. Ẹnu yà á. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń kọ̀wé sínú wọn, òun ò rò ó rí. Ibo ni yóò ti rò ó? Òun kọ́ ló ń gbé e kiri.

A tún sọ pé ọjọ́ kíníìkì ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ìyẹn kò tíì yanjú.

Ará Ìjẹ̀bú Igbó:
Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Tèmi ò dùn tó báyẹn. Wọ́n pè mí sí ìpàdé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní èmi ni aṣojú àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Mo wọ agbádá lọ. Ìwé tí wọ́n ní ká jọ kọ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í pọ̀! Wọ́n fún mi ní ráìsì àti mínírà, wọ́n yà mí ní fọ́tò. Nígbà tí mo nawọ́, alága ní àkókò ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù yẹn máa ń mú ọrùn mi gan, ahọ́n mi á wúwo, ìkòkoré lásán, mi ò lè gbé e mì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rò pé àìsàn ló ń le sí i, kí nọ́ọ̀sì kan tó sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ ló ń ṣe é, pé oògùn kan tó ń jẹ́ Artane máa ń dẹ̀ ẹ́.

Àbúrò Ẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gba ìtọ́jú, èmi ni mo máa ń sìn ín lọ. Èmi náà ni mo máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè dókítà. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé òfin ìlera ọpọlọ tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ti fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti lọ́wọ́ nínú ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Mo rò pé ìjọba ni òfin ń bá wí. Àṣé èmi gan-an ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tún dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú: "Jẹ́ kí n sọ ọ́." Ó ní oògùn alẹ́ tí òun ń lò ní aago mẹ́wàá ni kì í jẹ́ kí òun tètè jí lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì. Èmi rò pé ọ̀lẹ ni.

Bàbá Ìpẹru:
Nígbà tí Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ọsibítù ọpọlọ Aró, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ilé ará abúlé ni aláìsàn ń gbé, ẹbí rẹ̀ á bá a wá, á máa dáná fún un. Ọmọ mi Ìkẹ́nnẹ́, ìdáná ni ti ẹbí. Má bá a jẹ ẹ́.

Ará Ìjẹ̀bú Igbó:
Mọ̀mí, fáìlì náà ńkọ́ báyìí?

Ìyá Olóbì, Ṣàgámù:
Funfun ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ti ń fi báírò pupa kọ lẹ́tà kan sí igun tiwa, kí wọ́n lè tètè rí i. A tún ti padà lọ bá dókítà.