Àwòdì tó ń re Ìbarà nínú páálí

Òwìwí ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi pa kí n tó mọ bí a ṣe ń gba àwòdì là, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún méje sẹ́yìn, òwìwí olójú funfun kan já lulẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣágámù. Kò lè fò, ó kàn ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ará ilé kejì ti mú igi àti kẹrosíìnì jáde, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé ẹyẹ àjẹ́ ni òwìwí, pé bó bá bà lé òrùlé èèyàn, kò níí lọ lásán. Mo fi ariwo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo gbé e wọ ilé ìdáná, mo sì ṣe gbogbo ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo fi ṣíbí da omi sí i lẹ́nu, mo fi mílíìkì rẹ búrẹ́dì fún un, mo tan iná sí i lórí kí n lè máa wò ó, àwọn ọmọ sì yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á ní ìyẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni dókítà ẹranko tí ẹ máa bá pàdé nísàlẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an, pé omi tí a bá fi ipá dà sí i lẹ́nu lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àti pé mílíìkì kì í ṣe oúnjẹ ẹyẹ kankan lábẹ́ ọ̀run. Ó tún bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń lo òògùn eku ládùúgbò wa nígbà náà. Gbogbo wa ni à ń lò ó. Òwìwí tó bá sì gbé eku tó ti jẹ májèlé mì, májèlé náà ló gbé mì yẹn.

Ti àwòdì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àwòdì wọ̀nyí máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á padà sí apá àríwá. Bí wọ́n bá ti rí èéfín igbó tí wọ́n ń sun, wọ́n á ya dé láti máa gbé tata àti alángbá tó ń sá fún iná. Ilẹ̀ tí kò tíì ní ilé tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ni wọ́n sun lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin aládùúgbò wa kan ló sì sáré wá pè mí pé àwòdì kan já bọ́ lábẹ́ òpó iná. Nígbà tí mo débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí eérú, ó na apá òsì gbalaja, ó la ẹnu sílẹ̀, kò sì pariwo. Ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n. Bóyá wáyà ló kọlù ni o, bóyá òkúta ọmọdé ló bà á, n kò lè sọ, ọmọkùnrin náà sì búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo dà á bò ó láti orí dé ìrù, nítorí pé bí ojú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ bá ti ṣókùnkùn, ìjà rẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, èékánná ni. Mo di ẹsẹ̀ méjèèjì mú láti òkè pẹ̀lú aṣọ, síbẹ̀ ìka kan já gbà, ó sì gún mi ní àtàǹpàkò tó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè di kọ́kọ́rọ́ mú dáadáa. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe fúyẹ́. Ẹyẹ tí apá rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ láti ìkángun dé ìkángun, gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo tó kílò kan. Bí mo ṣe ń gbé e lọ, eṣinṣin pẹlẹbẹ kan yọ láti abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ sáré bí alákàn, ó sì wọ abẹ́ apá mi. N kò lè jù ú dànù, nítorí pé ọwọ́ mi méjèèjì kún.

Ìyá Ìbejì tó ń sin adìyẹ lójúde kejì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o, olè lẹ gbé wọlé yẹn. Ọmọ adìyẹ mi mẹ́rin ló ti lọ látìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbádùn ná, lẹ́yìn náà kí ẹ bá a ṣẹjọ́."

Ọjọ́ Ẹtì ni, ó ti kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹranko tó sún mọ́ wa jù lọ ní ajá àti adìyẹ ni òun mọ̀, kí n jù ú sínú igbó kó lọ kú ní ìrọ̀rùn. Ọ́fíìsì ìjọba kan tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹranko igbó kàn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn títí di ọjọ́ Ajé. Ọgbà ẹranko kan gbé fóònù, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ tà á ni. Nígbà tí mo ní rárá, wọ́n ní àwọn á pè mí padà, wọn kò sì pè mí títí di òní. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlékuléja kan ti gbọ́, ó wá dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, ó ń dúnàádúrà orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ẹyẹ náà ti kú. N kò bá a jà, nítorí pé òwò rẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹnu kan náà tí a fi ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, ni a fi ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta orí igún lọ́jà. Igún tí a mọ̀ ní ilé ìpẹran nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti di ẹyẹ tí a ń wá tì. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun pátápátá.

Ẹni tó yọ mí kì í ṣe oníṣègùn rárá. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan máa ń jí lọ ka ẹyẹ ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta fún Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ àkójọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis ní Jọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. A ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ríṣẹ́ ṣe. Òun ni mo pè lálẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló sì bi mí ní ìbéèrè tó yẹ: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà? Ṣé ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀? Ibo ni mo gbé e sí? Ó ní kí n wá páálí tó le, kí n lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tẹ́ aṣọ àtijọ́ sí ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yọ̀, kí n pa á dé, kí n sì gbé e sí yàrá tó móoru díẹ̀ tí kò sí ariwo. Kí n má fi sínú àkámọ́ onírin, nítorí pé yóò fi irin já ìyẹ́ apá rẹ̀, ìyẹ́ tó bá sì já kò níí hù títí di ìgbà tí ẹyẹ náà bá tún máa pa ìyẹ́ dà. Kí n má fún un ní oúnjẹ, kí n má fún un ní omi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sì máa yọjú wò ó," ó tún fi kún un, "ìbẹ̀rù nìkan tó láti pa á." Ìyẹn ló ṣòro fún mi jù. Ìgbà mẹ́ta ni mo dìde lóru tí mo fi etí lé páálí náà, tí mo sì dúró síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí èékánná ha aṣọ.

Ó ní ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì kan wà ní Abẹ́òkúta tí wọn kì í lé ẹyẹ igbó padà, àti pé kí n má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé eegun ẹyẹ tètè máa ń so, bó bá sì so láìtọ́, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe sí i mọ́. Ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí náà mọ́tò èrò ni mo wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé páálí lé itan. Dẹ́rẹ́bà bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní adìyẹ ni. A kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ẹyẹ náà fi ohùn tín-ín-rín ké, tó gbọ̀n bí fèrè ọmọdé.

"Adìyẹ wo ló ń ké báyìí, ọ̀gá?"

Mo jẹ́wọ́. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀jẹ̀ Jésù, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fà sẹ́yìn tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, dẹ́rẹ́bà sì ní bí n kò bá san owó ìjókòó kejì fún ẹyẹ náà, òun yóò sọ àwa méjèèjì kalẹ̀ sí ojú títì. Mo san án. Kútọ̀ ni a ti bọ́ sílẹ̀, Ìbarà kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Tèmi kò rí ẹ̀fúùfù kankan, owó ọkọ̀ ló gbé e débẹ̀.

Dókítà tó gbà wá kò dàgbà tó àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Kó tó ṣí páálí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì bi mí bóyá adìyẹ ń kú ládùúgbò wa, nítorí pé láti oṣù Èrèlé ọdún 2006 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn bird flu ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn lórí ẹyẹ èyíkéyìí. Ó bá mi wí pé n kò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó fi ọwọ́ kan ojú. Ó fi ìka tọ eegun àyà ẹyẹ náà, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án: ó mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, èyí tó fi hàn pé ebi ti ń pa á kó tó já bọ́. Lẹ́yìn náà ló ya àwòrán eegun. Eegun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára wa. Èyí tó nípọn ló kán, èyí tó tín-ín-rín ṣì dúró, òun ló sì ń di èkejì mú bí igi tí a fi ń ti ògiri. Ó ní ká ní orí oríkèé ló ti kán ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Omi ni ó kọ́kọ́ fún un, ó fi abẹ́rẹ́ fún un lábẹ́ awọ, kì í ṣe ẹnu, ó ní ẹran tí a bá fún ẹyẹ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lè pa á. Ó wá fi báńdéèjì di apá náà mọ́ra, ó yí i po bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8.

Wọn kò ní ibi tí wọ́n lè fi í sí títí yóò fi san, nítorí náà àdéhùn wa ni pé kí n máa gbé e wá ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ó lè tú apá náà, kí ó rọra na án, kí awọ iwájú apá má baà le. Yàrá kan tí a kò tíì rẹ́ nínú ilé wa ni mo yà sọ́tọ̀ fún un, mo fi àpò ìrẹsì bo fèrèsé, mo gbé igi kan dábùú rẹ̀. Oúnjẹ ni ó gba owó. Ẹran lásán láìsí eegun kò dára fún un, odindi ẹran ni ó gbọ́dọ̀ jẹ, tìyẹ́tìyẹ́, teegunteegun. Eku tí pàkúté bá mú ni mo máa ń fún un, kì í ṣe ti òògùn láé. Ìyókù, akọ ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan tí àwọn tó ń pa ẹyin kì í fẹ́ ni mo ń rà. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ tún wá ń fi owó yín ra ọmọ adìyẹ fún olè!" Ní òwúrọ̀ mo máa ń rí ìdì ìyẹ́ kékeré kan tí ó bì sílẹ̀, ìyẹn èyí tí inú rẹ̀ kò lè dà, ó gbẹ, ó ki, ó tóbi tó ìkángun àtàǹpàkò mi. Bí n kò bá rí i, ọkàn mi kì í balẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀, n kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé, nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ pé ẹyẹ tó bá ti mọ́ èèyàn lára yóò lọ bà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò pa á.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n tú báńdéèjì náà pátápátá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn ló fi ń fò láti igi dé fèrèsé, láti fèrèsé dé igi. Ní àkọ́kọ́ ó máa ń jábọ́ ní ìdajì ọ̀nà, apá òsì á sì máa wọ́ nílẹ̀. Dókítà fẹ́ kí ó lọ kí òjò tó dé, kí ó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mo gbé e jáde sí ilẹ̀ tí wọ́n sun yẹn, tí koríko tútù ti hù lórí rẹ̀. Ó dúró sórí páálí náà fún ìgbà pípẹ́. Ó fò lọ bà sórí òpó iná, ó ṣe ara rẹ̀ gìrì, ó tún fò, mo sì rí i pé apá òsì rẹ̀ kò gòkè tó ti ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó ń gòkè. Mo wò ó títí ọrùn fi dùn mí.

Nígbà tí mo yíjú padà, Ìyá Ìbejì ti kó gbogbo adìyẹ rẹ̀ sínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yọ orí lójú fèrèsé.

"Bọ̀dá, ṣé ó ti lọ? Ṣé kí n tú wọn sílẹ̀?"

Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀sán ná.