Gíráǹtì kì í ṣe àánú: ọ̀rọ̀ wo gan-an la máa fi pè é?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará wa gbogbo. Mo ti ń ka àríyànjiyàn lórí gíráǹtì níbí láti ọjọ́ Mọ́ńdè, pé kí la máa pe owó táwọn fáúńdéṣọ̀n, ìyẹn àwọn àjọ tó ń fi owó ti iṣẹ́ rere lẹ́yìn, ń fún ilé ìwé àti ẹgbẹ́ kí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn kan ní "owó ìrànwọ́", àwọn kan ní "ìtọrẹ àánú", ẹnì kan ní "sàárà ẹ̀kọ́", ẹ̀gbọ́n wa kan ní "owó ìgbọ̀wọ́" ló dáa jù, ẹlòmíì sì ní ká kúkú máa pè é ní gíráǹtì. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn tán, torí ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi délé rí.

Ìlú wa la ti dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, lọ́jọ́ Sátidé, a ń kọ́ wọn bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú wáyà, bátìrì, gílóòbù, mọ́tò kékeré, ẹ̀yìn ìyẹn la wá kọjá sí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá fáúńdéṣọ̀n kan fún wa lówó, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sáwọn òbí ní Yorùbá kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Mo kọ "owó ìrànwọ́" síbẹ̀, mi ò tiẹ̀ rò ó jìnnà, ṣebí ohun tí gbogbo wa ń sọ náà nìyẹn. Ọjọ́ ìpàdé pé, bàbá kan ló kọ́kọ́ dìde, ó ní ṣé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń pín yẹn ni, ìgbà wo ni ti òun máa dé. Kò jẹ̀bi o. Láti 29 May 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ojoojúmọ́ ni rédíò ń pe "owó ìrànwọ́" séèyàn létí, tó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ọkàn ẹ̀ ti lọ sórí epo àti owó tí wọ́n ní àwọn ń pín fún mẹ̀kúnnù, kò dúró gbọ́ ìyókù mọ́. Ìyá kan tún bi mí pé, "Bọ̀dá, ẹ̀yáwó ni àbí? Tọ́mọ ò bá wá yege ńkọ́, ta ló máa san án?" Mo ṣàlàyé títí, ìyá yìí ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹ̀ sì pàdánù Sátidé mẹ́ta gbáko.

Nígbà tó yá ni ẹnì kan nínú àwa olùkọ́ dábàá pé ká yí i sí "ìtọrẹ àánú", ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn oníwèé ìròyìn ṣe ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS1 kà á, ó wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí pé àwọn òbí wa ò lówó ni wọ́n ṣe mú wa?" Bẹ́ẹ̀ ìdánwò lọmọ yìí ṣe kó tó wọlé, òun ló sì gbégbá orókè nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ọmọ tó fi ọpọlọ ẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwa àgbà fi pe owó náà ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n kí "àánú" kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá.

Sàárà náà ní tiẹ̀. Ẹni tó ṣe sàárà, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló ti ń retí èrè, kò sẹ́ni tó ń béèrè àbọ̀ sàárà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba gíráǹtì máa jábọ̀, ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà mélòó la rà, ọmọ mélòó la kọ́, kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Ní ti "ìgbọ̀wọ́", òótọ́ ni pé lórí rédíò, onígbọ̀wọ́ ètò lẹni tó ń sanwó ètò. Àmọ́ ẹ lọ bi ìyá ọlọ́jà pé ta ni onígbọ̀wọ́, ẹni tí wọ́n máa lọ bá tí ẹni tó jẹ gbèsè bá sá lọ ni, ìyẹn ló sì máa sọ fún yín. Tí ẹ bá wá fi "owó ìgbọ̀wọ́" síwájú òbí tí ẹ̀rù gbèsè ti ń bà tẹ́lẹ̀, ẹ ò tún ní rí i kó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n wá mú wa lọ sí Ifẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó yìí àti ọ̀rọ̀ èdè wa ti jọ pàdé. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n ní àwọn máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún odindi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì máa wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, kíláàsì kejì wá gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ náà wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì kẹ́yìn. Owó Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n ṣàánú ní Modákẹ́kẹ́? Owó yẹn, ìwé ni wọ́n fi ṣe, olùkọ́ ni wọ́n fi dá lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fi wá ìdí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé owó fún. Ìyẹn náà ló yà á sọ́tọ̀ sí sikọ́láṣíìpù bí irú èyí tí MTN Foundation ń fún àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ìyẹn ọmọ kan ló ni ín, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì.

Ohun tí mo wá mú wá rèé: Ọ̀WẸ̀. Owó ọ̀wẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Bàbá tó fẹ́ mọlé á bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn èèyàn á gbé ọkọ́ wọn wá, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á bá a mọ ọ́n dé ibi tí agbára wọn mọ, onílé á gúnyán, á wá ẹmu, òun fúnra ẹ̀ ló sì máa wà níwájú iṣẹ́. Iṣẹ́ náà lórúkọ, kò sẹ́ni tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ láìsọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bó bá dọ̀la, kò sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn pé o jẹ mí lọ́jọ́ kan, àáró ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bá mi ro tèmi lónìí kí n bá ẹ ro tìẹ lọ́la. Àti pé kò sẹ́ni tó ń wo onílé náà bí alágbe. Ilé sì dúró síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wá ń rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn rèé, èyí gan-an làbọ̀ tí àwọn fáúńdéṣọ̀n ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà tún bímọ, ohun tí èmi sì máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn tí wọ́n bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹni tó kọ̀wé pé òun fẹ́ owó, ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó rí i gbà, ọlọ́wẹ̀. Àwọn tó fi owó sílẹ̀, àwọn tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀. "Gíráǹtì" ò lè ṣe ìyẹn láéláé, "agbagíráǹtì" tí ẹnì kan kọ síbí lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa pè é lẹ́nu?

Mi ò ní ká máa sá fún ọ̀rọ̀ àyálò o. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àtàwọn tó kù kó èdè-ìperí Yorùbá jọ, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè fúnra ẹ̀ nílé ìwé, tó jáde lọ́dún 1984, "ọ̀rọ̀-orúkọ" wà níbẹ̀ tó jẹ́ tiwa pátá, "fáwẹ́lì" náà wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé a yá a ni, méjèèjì ló sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé títí dòní. Sáyẹ́ǹsì ti jókòó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, torí "ìmọ̀ ìjìnlẹ̀" táwọn kan ń jà fún, babaláwo náà ní in, onímọ̀ òfin náà ní in. "Ìmọ̀ ẹ̀rọ" ni mo fẹ́ràn gan-an, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin, ohun tí a rọ ni ẹ̀rọ, ó bá ọmọ tó ń so wáyà mọ́ bátìrì mu wẹ́kú.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé ọ̀wẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ti owó, pé àwọn ọmọ Èkó ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́, pé láyé àtijọ́ wọ́n tún máa ń fi ṣe iṣẹ́ àna, tí ìyẹn sì jẹ́ dandan. Ti àna yẹn ló ń yọ mí lẹ́nu jù, mi ò tíì rí èsì ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò lẹ́nu lọ́dọ̀ àwọn òbí, tí mo ní, "Owó ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fún wa fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ," bàbá àgbà kan kàn bi mí pé, "Iṣẹ́ wo lẹ wá bẹ̀ wọ́n sí?" Ìbéèrè tó yẹ kí òbí béèrè rèé, iṣẹ́ ló ń bi mí, kò bi mí ní gbèsè, kò sì bi mí ní ìpín tiẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tuntun máa lọ sílé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Fáídé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ṣé ọ̀wẹ̀ lẹ̀ ń pè é lọ́dọ̀ yín, àbí ó lórúkọ mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé.