Ọmọ mi ò ga: ṣé ẹnì kankan mọ̀ nípa Laron syndrome?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 9, àbúrò ẹ̀ ọlọ́dún 5 ti ga jù ú lọ. Ara férémù ilẹ̀kùn wa ní Mọ́kọlá níbí ni mo ti máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bó ṣe ga tó ní gbogbo ọjọ́ọ̀bí ẹ̀, ti èṣí àti tọdún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ara wọn.

Dókítà ní ó jọ Laron, pé họ́mónù ìdàgbàsókè pọ̀ lára ẹ̀ àmọ́ ara ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ̀dọ̀ ò wá ṣe họ́mónù míì tí wọ́n ń pè ní IGF-1, tó yẹ kó mú eegun gùn. Ó ní èmi àti bàbá ẹ̀ la jọ gbé jíìnì tó ń fa àìsàn yìí fún un, àwa tá a ga dáadáa o! Ìyá ọkọ mi ṣì ń sọ pé ayé ló so ọmọ mọ́lẹ̀.

Mo kà nípa àwọn tó ní in ní Ecuador, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011 ní kánsà àti ìtọ̀ ṣúgà kì í sábà mú wọn. Ṣé ìyẹn wá ní kí wọ́n máa pẹ́ darúgbó ni? Tó bá gba abẹ́rẹ́ IGF-1, ṣé ààbò yẹn ò ní lọ?

Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ti gbà á rí, ibo lẹ ti rí i rà, eélòó ni? Wọ́n ní ó ń já ṣúgà ara wálẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun pẹ̀lú ẹ̀, tèmi ò sì kì í jẹun àárọ̀ bọ̀rọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?